Obì àti Ohun tí Ń Lé Oorun Lọ

Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí ó lè sọ pé òun kò mọ obì. A ń fi í sọ ọmọ lórúkọ, a ń fi í tọrọ ìyàwó, a ń fi í ṣe àlejò, a sì ń gbé e síwájú àgbà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pa á tán, àdúrà tí ó máa ń tẹ̀ lé e ni pé kí obì bi ikú, kí ó sì bi àrùn. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ipò tí àṣà fi obì sí, agbára kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ láti ìgbà láéláé: ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ kì í tètè tòògbé, ebi kì í tètè pa á, àárẹ̀ a sì fò lára rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọdẹ tí ó jókòó lórí ẹ̀gùn mọ èyí. Ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ìlú lóru mọ̀ ọ́n. Awakọ̀ tí ń wa ọkọ̀ ẹrù láti Kánò wá sí Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Ọmọ ilé-ìwé tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.

Kí ni agbára náà? Níbo ni obì tí ó kún ọjà wa ti wá? Ǹjẹ́ okun tí ó ń fún ni jẹ́ èrè ni, tàbí àwìn tí a óò san lẹ́yìn ọ̀la? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé kò sí ilé-ìwé tí ohun tí a fẹ́ sọ yìí kò kàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya obì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀ láàárín wa. Èkíní ni obì àbàtà, tí ó máa ń ní awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni a mọ̀ ní ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, òun náà sì ni a ń lò fún ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìbọ. Èkejì ni obì gbànja, tí awẹ́ rẹ̀ kì í ju méjì lọ. Èyí ni obì òwò àti obì àjẹjẹ. Àwọn onímọ̀ ewéko pe àbàtà ní Cola acuminata, wọ́n sì pe gbànja ní Cola nitida. Orógbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń gbé e pọ̀ pẹ̀lú obì nínú àwo kan náà, igi mìíràn ni, kì í ṣe ìbátan obì rárá.

Orúkọ gbànja pàápàá ń pìtàn. Gonja ni orúkọ ilẹ̀ kan ní apá àríwá orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Ghana lónìí. Inú igbó àwọn Asante ní apá gúúsù ni igi obì yìí ti ń so, ṣùgbọ́n ní ọjà Salaga, tí ó wà ní ilẹ̀ Gonja, ni àwọn oníṣòwò Hausa ti ń rà á. Wọn a kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọn a fi ewé tútù bò ó, wọn a dì í lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọn a sì fi oṣù púpọ̀ rìn kí wọn tó padà dé Kánò tàbí Kàtsínà. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Bí obì bá gbẹ jù, ó bàjẹ́. Bí ó bá tutù jù, ó jẹrà. Bí kòkòrò bá sì wọ inú rẹ̀, gbogbo apẹ̀rẹ̀ di òfò. Nítorí náà wọ́n ní láti máa tú ẹrù náà palẹ̀ ní ojú ọ̀nà, kí wọ́n ṣa èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò, kí wọ́n sì pààrọ̀ ewé rẹ̀. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kánò ní ọdún 1851, ó rí i pé obì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọjà tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Kò sì yani lẹ́nu. Ẹ̀sìn Ìmàle ka ọtí líle léèwọ̀, ṣùgbọ́n kò ka obì léèwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni obì di ohun ọ̀wọ̀ láàárín àwọn ọlọ́lá, àti ohun ìtura fún ẹni tí ń rìn nínú oòrùn.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin gbànja fúnra wọn. Àgége ni a lè pè ní orísun rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ibẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker, ẹni tí ó tún jẹ́ aṣíwájú nínú Ìjọ Áfíríkà, ti dá oko ńlá tí ó kún fún kòkó àti obì. Ní ọdún 1907 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Àgége sílẹ̀. Láti Àgége ni irúgbìn náà ti tàn dé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin sì wá ràn án lọ́wọ́. Ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní ọdún 1901. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1912, ojú irin ti so Èkó pọ̀ mọ́ Kánò. Ọ̀nà tí ń gba ẹni tí ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní oṣù púpọ̀ wá di ìrìn ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 1916 a dá Sábó sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún àwọn Hausa, àwọn ni ó sì ń kó màlúù bọ̀ láti òkè, tí wọ́n ń kó obì lọ. Ṣágámù pẹ̀lú di ìlú obì tí òkìkí rẹ̀ kàn. Kí ó tó di ọdún 1940, obì tí a gbìn ní ilẹ̀ wa ti gba ipò lọ́wọ́ èyí tí ó ti ń ti Gold Coast wá.

Ẹ má ṣe rò pé òkè Ọya nìkan ni obì wa ń lọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kan náà, ọkọ̀ ojú omi ń gbé obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òfì láti Èkó lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, nítorí pé àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Ní ilẹ̀ Cuba, níbi tí obì gidi ti ṣọ̀wọ́n, àgbọn ni wọ́n fi dípò rẹ̀, obì náà ni wọ́n sì ń pe àgbọn yìí títí di òní. Igi dé tàbí kò dé, orúkọ ti dé.

Gbogbo èyí ni ìtàn òde obì. Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1819, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Friedlieb Ferdinand Runge ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Jena ní ilẹ̀ Jámánì. Ó fi oje ewé olóró kan sí ojú ológbò, ẹyinjú ológbò náà sì fẹ̀. Johann Wolfgang von Goethe, ògbólógbòó akéwì ilẹ̀ náà, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì ní kí ó wá fi iṣẹ́ náà han òun. Nígbà tí ó rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sì fún Runge ní kóró kọfí díẹ̀ pé kí ó lọ wádìí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Láìpẹ́, Runge yọ ohun funfun kan jáde tí ó korò lẹ́nu. Ohun náà ni à ń pè ní kafíìnì. Ní ọdún 1827 ẹlòmíràn rí irú rẹ̀ nínú ewé tíì, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1838 a fi hàn gbangba pé ohun kan náà ni wọ́n. Ní ọdún 1865, John Attfield, onímọ̀ oògùn ní ìlú London, tú obì palẹ̀, ó sì bá kafíìnì níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó jẹ́ kí ará Ethiopia mu kọfí, tí ó jẹ́ kí ará Ṣáínà mu tíì, tí ó sì jẹ́ kí baba wa jẹ obì, ọ̀kan ṣoṣo ni. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí ni olúkúlùkù wá a rí nínú igi tirẹ̀.

Bí ohun yìí ti dùn mọ́ ènìyàn tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ti ń kó àwọn aláṣẹ láyà sókè. Ní ọdún 1511, Khair Beg, aláṣẹ ìlú Mẹ́kà, fi òfin de kọfí mímu. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Cairo ni wọ́n yí òfin náà padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1675, ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo ilé kọfí pa, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ ìjọba láìdára. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fa àṣẹ rẹ̀ sẹ́yìn ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Nínú ẹjọ́ méjèèjì yìí, kò sí ẹni tí ó wádìí ohun tí kọfí ń ṣe nínú ara. Ìbẹ̀rù ni ó ṣe ìdájọ́.

Ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà yàtọ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1886, John Pemberton, apòògùn ní ìlú Atlanta, po ohun mímu kan tí ó fi orúkọ obì wa kún orúkọ rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Coca-Cola. Ní ọdún 1909, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ogójì àgbá àti ogún kẹ́ẹ̀gì ìpò rẹ̀, wọ́n ní kafíìnì inú rẹ̀ lè ṣe ni léṣe. Ní ọdún 1911 ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ ní ìlú Chattanooga. Ilé-iṣẹ́ náà wá bẹ Harry Hollingworth, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan ní New York, pé kí ó wádìí òtítọ́. Ó kó ènìyàn 16 jọ, ó sì ń dán wọn wò fún ogójì ọjọ́. Ní ọjọ́ kan wọn a gbé kafíìnì mì, ní ọjọ́ mìíràn wọn a gbé ṣúgà wàrà mì. Bákan náà ni méjèèjì rí lójú, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gbé e mì àti ẹni tí ń wọn iṣẹ́ rẹ̀ kò fi mọ èyí tí í ṣe èyí. Ó rí i pé kafíìnì mú kí ọwọ́ àti ọpọlọ yá, àti pé díẹ̀ kò da oorun ọ̀pọ̀lọpọ̀ láàmú. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti pọ̀, oorun bàjẹ́. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọdún 1916, nígbẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ náà sì dín kafíìnì inú ohun mímu rẹ̀ kù. Ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí a mú níbẹ̀ ni èyí: ẹni tí ó fẹ́ mọ òtítọ́ nípa oúnjẹ, kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ń tà á nìkan gbọ́, kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kórìíra rẹ̀ nìkan gbọ́, ó ń wọ̀n ọ́n ni.

Báwo wá ni kafíìnì ṣe ń lé oorun? Láti ìgbà tí a bá ti jí ni ohun kan tí a ń pè ní adẹnosíìnì ti ń kóra jọ nínú ọpọlọ. Ó ní ìjókòó tirẹ̀ níbẹ̀, bí ó bá sì ti jókòó, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Àwòrán kafíìnì jọ tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba ìjókòó náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Adẹnosíìnì kò kúrò nílé. Ó dúró síta ni, ó sì ń pọ̀ sí i. Ní ayé àtijọ́, bí ènìyàn bá jẹ gbèsè tí kò san, ológò a wá jókòó tì í nínú ilé títí yóò fi rí owó rẹ̀ gbà. Oorun dà bí ológò náà. Kafíìnì kò bá wa san kọ́bọ̀ nínú gbèsè. Ó kàn ti ìlẹ̀kùn mọ́ ológò ni. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí, gbogbo wọn a wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Ìlẹ̀kùn náà kì í tètè ṣí. Nínú àgbàlagbà, ó ń gbà tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì kafíìnì tó jáde kúrò lára. Ẹni tí ó jẹ obì ní agogo mẹ́jọ alẹ́, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní agogo kan òru. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn ní 400 mílígíráàmù kafíìnì ní wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó lọ sùn, síbẹ̀ oorun wọn dín kù ní ohun tí ó ju wákàtí kan lọ.

Ẹ má jẹ́ kí a sọ ti ibi kí a gbàgbé ti ire. Kafíìnì ń mú ọkàn jí, ó ń mú ìṣọ́ra ẹni tí ó rẹ̀ pọ̀ sí i. A ń pò ó mọ́ oògùn orífífọ́ kan kí ó lè tètè ṣiṣẹ́. Ọmọ tí a bí láìtó oṣù, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró, kafíìnì ni àwọn dókítà ń fún un kí èémí rẹ̀ lè máa lọ déédéé. Ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 fi ìdí èyí múlẹ̀. A sì ti ṣàkíyèsí pé láàárín àwọn tí ń mu kọfí níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àrùn ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ẹ̀dọ̀ àti àrùn Parkinson kò wọ́pọ̀ tó bí ó ti rí láàárín àwọn tí kì í mu ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ kò tó láti sọ pé kọfí ni ó wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí kafíìnì bá pọ̀ lára, àyà a máa já, ọwọ́ a máa gbọ̀n, inú a máa ru, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì ga sókè fún ìgbà díẹ̀. Ó lè ta ọgbẹ́ inú lára. Díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ara a mọ́ra, èyí tí ó tó lánàá kò ní tó lónìí, bí ènìyàn bá sì dá a dúró lójijì, orí a fọ́ ọ, àárẹ̀ a mú un fún ọjọ́ díẹ̀. Tíì àti kọfí tí a mu pọ̀ mọ́ oúnjẹ ń dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tí í sọ ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀. Kì í ṣe kafíìnì ni ó fà á, bí kò ṣe ohun kíkan inú wọn. Nítorí náà ó sàn kí aláìlẹ́jẹ̀ kọ́kọ́ jẹun tán kí ó tó ronú tíì.

Ìwọ̀n wá dà? Ní ọdún 2015, àjọ tí ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má ṣe ju 400 mílígíráàmù lọ lóòjọ́, kí aláboyún àti ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú má sì ju 200 lọ. Fún ọmọdé, mílígíráàmù 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ̀n ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Ọmọ tí ó wọ kílò 30, kò gbọdọ̀ ju 90 lọ. Ife kọfí kan a máa ní tó 80 sí 100. Ife tíì a máa ní 30 sí 50. Agolo ohun mímu afúnni-lágbára tí kò tóbi a máa ní 80. Obì tútù kan tí ó tóbi díẹ̀ lè ní tó ti ife kọfí. Ẹ jẹ́ kí òbí tí ń fún ọmọ rẹ̀ ní agolo kan, tí ó sì tún ń fún un ní awẹ́ obì, ṣe ìṣirò náà.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá jù lọ ni èyí. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Canada kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Orí a máa gbóná wọn, ojú a máa ṣú wọn, wọn a kàwé kì yóò yé wọn, èyí tí ó yé wọn pàápàá kò ní dúró lọ́pọlọ. Ní ọdún 1980, Olufemi Morakinyo, onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ, fi hàn pé àìsàn yìí bá àṣà àìsùn rìn: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ṣe ni ó máa ń lo ohun tí ń lé oorun kí wọ́n lè kàwé di òru. Ẹ wo bí ó ti rí! Ọmọ fẹ́ kí ìwé wọ òun lórí, ó sì lé ohun tí í mú ìwé dúró lórí lọ. Nítorí pé nínú oorun ni ọpọlọ ti ń to ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sí ipò rẹ̀. Bí ẹni tí ń pọn omi sínú ìkòkò tí ó ti lu ni ó rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá rí ọmọ tí eyín rẹ̀ pọ́n láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n ju eyín lọ, ẹ má ṣe yìn ín pé ó kàwé mọ́jú. Ẹ bi í léèrè bí ó ti ṣe lo oṣù tí ó kọjá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, wákàtí kan lójúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ju òru mẹ́ta ti ìparí rẹ̀ lọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹ jẹ oorun ní gbèsè. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ obì lọ́wọ́ àgbà. Obì ti bá wa gbé pẹ́, ó ti kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ó sì ti rán ọ̀pọ̀ ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a fi í sí ipò tí àwọn baba wa fi í sí: awẹ́ kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ojúmọmọ, láàárín ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó jẹ ẹ́ báyìí, yóò gbádùn rẹ̀. Bí alẹ́ bá sì lẹ́, yóò sùn.